Àga ilé bàbá mi ti gbó, ogójì ẹgbẹ̀rún péré ló wà lọ́wọ́ mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Mọ́yọ̀ (Ìtòkò):
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta. Ọ̀rọ̀ àga ni mo bá wá. Wọ́n pín ẹrù bàbá wa lóṣù tó kọjá, èmi ni wọ́n kó àga pálọ̀ fún, ẹlẹ́nìkan mẹ́rin àti ẹlẹ́ni mẹ́ta kan, pẹ̀lú tábìlì àárín àti rúùmù dífáídà ńlá yẹn tí gbogbo yín mọ̀, èyí tó ní gíláàsì níwájú tí wọ́n máa ń kó ife tẹ́nikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi mu omi sí. Gbogbo ẹ̀ ló dàgbà jù mí lọ. Fọ́ọ̀mù ti di ìyẹ̀fun, àga méjì ń mì bí eyín arúgbó, ìsàlẹ̀ rúùmù dífáídà ti wú torí òjò tó ń jò wọ pálọ̀. Mo pe káfíńtà kan, kò tíì wọlé tán tó fi ní kí n dáná sun ún kóun kan tuntun fún mi, iye tó pè ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ ọ́. Ọkọ mi náà ní ẹrù yẹn ò ní wọ ilé òun bó ṣe wà yẹn. ₦40,000 ni mo lè yọ sílẹ̀, kò lè lé. Ṣé ó ṣeé tún ṣe àbí kí n gbà f'Ọ́lọ́run?

Ọmọ Pánṣẹ́kẹ́:
Rúùmù dífáídà! Ìgbátí tí mo jẹ lórí ife aláwọ̀ góòlù kan ní 1994, etí mi ṣì ń dún títí dòní. Ẹ jẹ́ kí n wá ibi jókòó sí, mo fẹ́ gbọ́ bó ṣe máa parí.

Bàbá Gẹdú (Làfẹ́nwá):
Ìyá Mọ́yọ̀, Ọlọ́run á jẹ́ kọ́jọ́ jìnnà síra. Má dáná sun nǹkan kan o. Káfíńtà tó bá ní kí o sun àga kó tó dojú ẹ̀ dé wò ó, tuntun ló fẹ́ tà. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń bá pákó ṣeré, ohun tí mo sì máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kí n dojú àga dé, torí òkè lè jẹ́ pólíìṣì dúdú kìjikìji, abẹ́ ni wàá ti mọ irú igi tó jẹ́. Mú sáńpépà, ha ibì kan lábẹ́ níbi tójú ò ní tó. Tó bá pọ́n bí ọsùn, ọ̀gànwó ló sábà máa ń jẹ́. Tó bá yẹ́lò tó ń lọ sí bíráùn, tó wúwo, tí ìyẹ̀fun ẹ̀ sì ń ta ẹ́ nímú, ìrókò ni. Tó bá funfun tó sì fúyẹ́, ó lè jẹ́ afàrà tàbí irú igi bẹ́ẹ̀, kò burú ṣùgbọ́n ikán fẹ́ràn ẹ̀. Tó bá wá jẹ́ ìyẹ̀fun pákó tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ lo rí, bóòdù nìyẹn, bóòdù tí omi bá ti wọ̀ tó ti wú kò ní padà sípò mọ́, ẹ gé e sọnù ni.

Ìyẹn tó ń mì, kì í ṣe pé igi bàjẹ́, oríkèé ẹ̀ ló tú. Ó sì dá mi lójú pé ẹnì kan máa sọ fún ẹ pé kí o kan ìṣó sí i. Má dá a lóhùn. Ìṣó máa la igi náà, oṣù mẹ́ta sí i á tún máa mì, wàá sì wá kan òmíràn. Fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá náà ni kí èèyàn sáré kun àga ní pẹ́ńtì nígbà tí oríkèé ẹ̀ ò tíì dúró. Ohun tí o máa ṣe nìyí: fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sí gbogbo oríkèé kí o tó tú u, kí o má bàa dé ibì kan kí o máa wojú Ọlọ́run. Fi òòlù onígi tàbí irin tí o fi aṣọ wé gbá a jẹ́jẹ́ títí á fi yọ. Gọ́ọ̀mù àtijọ́ tó dì síbẹ̀, omi gbígbóná ni kí o fi rọ̀ ọ́, tó bá ń ṣagídí pò fínígà díẹ̀ mọ́ ọn, kí o ha á kúrò pátápátá torí gọ́ọ̀mù tuntun kì í mú lórí ti àtijọ́. Jẹ́ kó gbẹ. Lẹ́yìn náà fi gọ́ọ̀mù funfun sí i, Top Bond tí gbogbo wa ń pè é, kì í báà jẹ́ ilé iṣẹ́ mìíràn ló ṣe é, tì í padà, kí o wá so ó pinpin. Owó kíláǹpù pọ̀, má rà á. Lọ bá àwọn tó ń ṣe fọ́kanáísà, gba túùbù ọ̀kadà tó ti bàjẹ́, gé e gbọọrọ gbọọrọ, fà á kí o máa wé e mọ́ àga náà bí ẹni ń wé ojú ọgbẹ́. Wákàtí 24, kí ẹnikẹ́ni má fìdí kàn án.

Ìyá Mọ́yọ̀:
Bàbá ẹ ṣé gan-an ni o. Mo ha á, ó yẹ́lò, ó wúwo, gbogbo òru àná ni mo fi sín. Ìrókò ni àbí? Àwọn àga àti tábìlì ni o. Rúùmù dífáídà, iwájú ẹ̀ igi gidi ni àmọ́ ẹ̀yìn ẹ̀ pláíwúùdù, ìsàlẹ̀ tó wú yẹn bóòdù ni.

Bàbá Gẹdú (Làfẹ́nwá):
Ìrókò olúwéré! Owó ńlá lo fẹ́ fi dáná ọbẹ̀ yẹn ọmọ mi. Sísín yẹn kì í ṣe iṣẹ́ ayé o, ìyẹ̀fun ìrókò máa ń bá èèyàn jà nímú àti lára, mo mọ ọmọ iṣẹ́ kan tó kúrò nídìí káfíńtà torí ẹ̀. Bo imú, ìta gbangba ni kí o ti ha á, kí àwọn ọmọ má sí nítòsí. Tó bá di pé o fẹ́ gé e, ṣọ́ra, òkúta máa ń wà nínú ìrókò, mi ò ṣàwàdà, ohun funfun líle kan ló máa ń dì sínú igi náà látìgbà tó ti wà lóòró, ó ti ká eyín ayùn mi dànù rí. Àwa tá à ń gbé abẹ́ òkúta, igi wa náà gbé òkúta mì. Kí o tó fi gọ́ọ̀mù tàbí fánííṣì kàn án, rẹ aṣọ sínú tínà kí o nù ún, òróró ara ìrókò kì í jẹ́ kí nǹkan mú dáadáa.

Ọlọ́ṣẹ Òbáńtòkò:
Ẹ̀ ń fi sáńpépà pa ara yín lásán. Èmi ọṣẹ ni mò ń ṣe, kọ́sítíìkì sódà ni mo pò mọ́ omi tí mo dà sórí tábìlì ìyá ọkọ mi, kó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá pólíìṣì ti ń bọ́ bí èèpo ẹyin.

Bàbá Gẹdú (Làfẹ́nwá):
Àwọ̀ wo ni tábìlì náà wá dà?

Ọlọ́ṣẹ Òbáńtòkò:
Ó dúdú díẹ̀ o, mo rò pé ìdọ̀tí ló jáde.

Bàbá Gẹdú (Làfẹ́nwá):
Ìdọ̀tí kọ́. Kọ́sítíìkì máa ń sọ ìrókò àti ọ̀gànwó di dúdú, ó sì tún máa ń tú gọ́ọ̀mù oríkèé. Ẹ jẹ́ kó máa wà nídìí ọṣẹ. Ìyá Mọ́yọ̀, rẹ òwú sínú sípírítì, fi lé ibì kan fún ìṣẹ́jú kan. Tó bá rọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, pólíìṣì àtijọ́ tí wọ́n fi sípírítì pò ni, o ò nílò kẹ́míkà kankan, sípírítì yẹn náà pẹ̀lú kànìnkànìn irin tí a fi ń fọ ìkòkò á ṣí i kúrò. Kí iná má sí nítòsí o, ṣé o gbọ́. Tí sípírítì ò bá ràn án, fánííṣì ni, sáńpépà 80 lo máa fi bẹ̀rẹ̀, kí o bọ́ sí 120, kí o fi 220 parí ẹ̀. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré ló ṣe ń le sí. Ibi tí ìlà igi bá kọjú sí ni kí o máa ha á lọ, tí o bá ha á lódìkejì, àpá ẹ̀ ò ní hàn àfi ọjọ́ tí o bá fi fánííṣì kùn ún tán.

Dẹ̀rẹ́bà Ìtà Òṣìn:
Ìsàlẹ̀ rúùmù dífáídà tí ikán lè jẹ, ẹ́ńjìn ọ́ìlì tí wọ́n dà nù lọ́dọ̀ mẹkáníìkì ni kẹ́ ẹ fi kùn ún, ọ̀fẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe òpó ọgbà mi, ikán ò súnmọ́ ọn.

Bàbá Gẹdú (Làfẹ́nwá):
Òpó ọgbà dáa. Nínú pálọ̀, òórùn ẹ̀ ò ní lọ, á máa yí aṣọ, kò sì sí pẹ́ńtì tó máa dúró lórí ẹ̀. Sólígínọ́mù, oògùn ikán tí wọ́n ń kùn sára igi, ni kó rà, ìwọ̀nba díẹ̀, kó kùn ún níta, kó fi sílẹ̀ níbẹ̀ títí òórùn á fi lọ.

Mama Ìbejì Aṣérò:
Ẹ jọ̀ọ́ tèmi o, kì í ṣe ikán, ihò wẹ́wẹ́ bíi ojú abẹ́rẹ́ ló wà lára igi ẹ̀, àràárọ̀ ni ìyẹ̀fun ń wà lábẹ́ ẹ̀, mo gbá a lónìí, lọ́la ó tún ti wà níbẹ̀.

Bàbá Gẹdú (Làfẹ́nwá):
Kòkòrò ni, ó ṣì wà láàyè nínú ẹ̀. Ikán ní tiẹ̀ ilẹ̀ ló ti ń bọ̀, wàá rí ọ̀nà ẹrẹ̀ tó là. Ra abẹ́rẹ́ oògùn ní kẹ́míìsì, fi fa sólígínọ́mù, máa fún un sínú ihò kọ̀ọ̀kan, ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Wọ ìbọ̀wọ́. Fi àbẹ́là dí ihò náà. Tí o bá tún rí ìyẹ̀fun tuntun, tún un ṣe.

Ọmọ Kútọ̀:
Èmi ra àga lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń já pa, owó pọ́ọ́kú, inú mi dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́. Ọ̀sẹ̀ kejì ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún wa. Ìdun! Sníípà ni mo fi pa gbogbo ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ìdí-Àbà:
Ẹ̀gbọ́n ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tún ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Oògùn yẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi sára àga tọ́mọ á wá fẹnu lé, òórùn ẹ̀ lásán ń ṣe nǹkan. Ṣebí láti 2019 ni NAFDAC ti ní kí wọ́n yéé ta ìgò kékeré ẹ̀ ní ọjà. Kó tó wọlé ni kẹ́ ẹ ti yẹ àga wò, ẹ tanná sí ojú rírán àti abẹ́ fọ́ọ̀mù, ẹ máa wo àmì dúdú tótòtó. Aṣọ ẹ̀, ẹ bọ́ ọ sómi gbígbóná. Igi ẹ̀, ẹ da omi híhó sínú gbogbo kọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ jù ú sóòrùn. Fọ́ọ̀mù tí ìdun bá ti wọ̀, ẹ má náwó lé e, ẹ sọ ọ́ nù. Ohun kan tún wà, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ tàbí àga tí wọ́n ti kùn ní pẹ́ńtì láyé àtijọ́ lẹ fẹ́ tún ṣe, pẹ́ńtì ìgbà yẹn lè ní òjé nínú, ẹ má ha á ní gbígbẹ, ẹ rin ín lómi kẹ́ ẹ tó ha á, kẹ́ ẹ kó gbogbo ohun tó bá bọ́ sínú nylon. Òjé ò dáa fún ọpọlọ ọmọ rárá.

Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀mọ̀:
Kí n béèrè o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sọ sáńpépà yìí. Ṣé wọ́n fún un ni àbí wọ́n ní kó bá ẹbí tọ́jú ẹ̀? Mo mọ ilé kan tí wọ́n ti kun àga bàbá ní pẹ́ńtì funfun, ọjọ́ àjọ̀dún tí dáwódù dé láti Èkó tó rí i, oúnjẹ ò wọlé ẹnì kankan lọ́jọ́ náà.

Ìyá Mọ́yọ̀:
Hẹ̀ẹ̀. Wọ́n fún mi ni o, gbogbo wa la jọ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n màá pe ẹ̀gbọ́n mi àgbà lálẹ́ yìí náà ná.

Télọ̀ Òmìdá:
Ìyá Mọ́yọ̀, ibi tí owó yín máa lọ nìdí fọ́ọ̀mù, torí náà ẹ má ṣe gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi méjì bẹ̀rẹ̀. Aṣọ àtijọ́ yẹn, bó ti wù kó dọ̀tí tó, ẹ má sọ ọ́ nù, ẹ fi réésà tú ojú rírán ẹ̀ jẹ́jẹ́, òun lẹ máa tẹ́ sórí aṣọ tuntun tẹ́ ẹ máa fi gé e, ìyẹn ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín lórí iye yáàdì. Tó bá jẹ́ pé téèyàn bá jókòó ńṣe ló ń rì, ẹ wo abẹ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó dá fọ́ọ̀mù lẹ́bi, rọ́bà tí wọ́n fà síbẹ̀ ló ti já. Túùbù mọ́tò ni kẹ́ ẹ gé, ẹ fà á dáadáa kẹ́ ẹ tó kàn án, ẹ hun ún ní òòró àti ìbú bí ẹni ń hun ẹní, kẹ́ ẹ wá tẹ́ àpò kòkó lé e kó má bàa máa jẹ fọ́ọ̀mù. Ẹ gé fọ́ọ̀mù kó fi díẹ̀ tóbi ju aṣọ ẹ̀ lọ, bíi ìdajì íǹṣì, kó lè kún un. Èyí tó le ni kẹ́ ẹ fi sísàlẹ̀, ẹ wá fi pélébé tó rọ̀ sórí ẹ̀, owó ẹ̀ kéré sí kẹ́ ẹ ra onípele kan tó nípọn. Àti pé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ Singer àtijọ́, irin yẹn, ẹ má tà á fún àwọn tó ń ra páńti o jàre, mo gbé ilẹ̀kùn wọ́dúróòbù kan lé tèmi lórí, òun ni tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ.

Ìyá Mọ́yọ̀:
Ṣé mo lè fi àdìrẹ ṣe aṣọ ẹ̀? Ìtòkú ò jìnnà sí mi.

Ìyá Aláró (Ìtòkú):
Ẹ lè fi ṣe é, àwọn èèyàn ń rà á bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ mọ̀ pé àdìrẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lásán kì í pẹ́ lórí àga, ẹ ní kí wọ́n bá yín wá èyí tí wọ́n ṣe sórí aṣọ tó nípọn, tàbí kẹ́ ẹ rán aṣọ líle kan mọ́ ọn lábẹ́. Tó bá jẹ́ aláró gidi, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, títí omi ẹ̀ á fi mọ́, kẹ́ ẹ tó gé e. Ẹ má gbàgbé o. Àlejò tó wọ bùbá funfun ló jókòó sórí tẹnìkan, nígbà tó dìde, ẹ̀yìn ẹ̀ ti di ẹ̀yìn ẹtù. Kó sì máa jìnnà sí fèrèsé, oòrùn á ṣá a.

Ọmọ Pánṣẹ́kẹ́:
Ẹ̀yìn ẹtù ke! Mo kú.

Tíṣà Ẹlẹ́wẹ̀ẹ́ran:
Fún ìsàlẹ̀ tó wú yẹn, ẹ lè wá pákó pálẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n fi ń gbé ẹrù wá sí ilé iṣẹ́, wọ́n ń tà á lọ́nà Ọ̀tà níbẹ̀ yẹn. Ẹ wo òǹtẹ̀ ara ẹ̀. Tó bá jẹ́ HT, ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò inú ẹ̀, ẹ mú un. Tó bá jẹ́ MB, gáàsì olóró ni wọ́n fi ṣe é, ẹ má gbé e wọlé. Èyí tí epo tàbí kẹ́míkà ti dà sí, òǹtẹ̀ ò ṣàǹfààní fún un.

Ọmọ Ìyá Olódó:
Ẹ má rẹ́rìn-ín mi. Odó ìyá mi ló là, mo ní kí n má sọ ọ́ nù, mo dojú ẹ̀ dé, mo fi fọ́ọ̀mù àti áńkárá sórí ẹ̀, ó rẹwà bí àga òyìnbó. Mo gbé e sí pálọ̀. Ìyá mi wọlé, ó bá àlejò lórí ẹ̀. Ìyá mi pariwo! Pé ta ló ń jókòó sórí odó, ṣé mo fẹ́ kó wàhálà bá ọmọ ọlọ́mọ ni. Ní báyìí òdòdó ni mo gbìn sínú ẹ̀, ó wà níta, àlàáfíà ti jọba.

Bàbá Gẹdú (Làfẹ́nwá):
Ìyá ẹ jàre.
Ìyá Mọ́yọ̀, tó bá kan fánííṣì, má kùn ún lọ́jọ́ tójò bá ṣú. Á funfun bí ẹni fi ẹfun pa á. Dúró di nǹkan bí aago mẹ́wàá tí ìrì ti gbẹ. Pò ó mọ́ tínà díẹ̀ fún ti àkọ́kọ́, jẹ́ kó gbẹ, fi sáńpépà 220 fọwọ́ bà á, nù ún, kí o wá kun ti ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ihò kéékèèké, pò ìyẹ̀fun pákó yẹn mọ́ gọ́ọ̀mù funfun kí o fi dí i, àmọ́ ibi tó kéré nìkan, torí àwọ̀ kì í wọ gọ́ọ̀mù, ojú ibẹ̀ á dá yàtọ̀.

Ìyá Mọ́yọ̀ (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún):
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n ṣe é bó bá ṣe wù mí, kí n má ṣáà fi pẹ́ńtì funfun kùn ún. ₦38,500 ni mo ná, fọ́ọ̀mù ló gba ju ìdajì ẹ̀ lọ bí Télọ̀ ṣe wí. Àga méjì àti tábìlì ló parí, ẹlẹ́ni mẹ́ta dọdún tó ń bọ̀. Àdìrẹ ni mo fi bò ó, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo fọ̀ ọ́. Àṣìṣe tèmi: mo kánjú tú túùbù ní alẹ́ ọjọ́ kan náà, oríkèé kan tún ṣí, mo ní láti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ látilẹ̀. Rúùmù dífáídà, mo gé ìsàlẹ̀ tó wú kúrò, mo pín in sí méjì, ìdá kan ni tẹlifíṣọ̀n wà lórí ẹ̀, ìkejì wà ní kíṣìnì, ibẹ̀ ni mo ń kó ìkòkò sí. Nígbà tí mo sì tú àga, mo bá ìlà tí wọ́n fi ọ̀bẹ fín sí gbogbo oríkèé, ẹyọ kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Mi ò tiẹ̀ nílò ṣọ́ọ̀kì, ẹni tó kàn án ti kọ nọ́ńbà tiẹ̀ síbẹ̀ látọjọ́ yìí.

Bàbá Gẹdú (Làfẹ́nwá):
Má fi sáńpépà kan ìlà yẹn o! Yà á ní fọ́tò kí n rí i, mo fẹ́ wo ọwọ́ ẹni tó fín in.

Ìyá Mọ́yọ̀:
Mo ti dì í padà Bàbá, inú gọ́ọ̀mù ló wà. Ṣùgbọ́n àwọn tó kù ò tíì ṣe, màá yà wọ́n. Ọkọ mi tó ní kò ní wọlé òun, láti àárọ̀ ló ti jókòó sórí ọ̀kan, ó ń wo bọ́ọ̀lù.

Ọmọ Pánṣẹ́kẹ́:
Ife ńkọ́?

Ìyá Mọ́yọ̀:
Ife wà lẹ́yìn gíláàsì ẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi mu omi.